Ìtumọ̀ Púpọ̀ nínú Ọ̀rọ̀ Kan: Àgbéyẹ̀wò 'Sharp' nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti 'Mú' nínú Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àkàyé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́fà sí ojú pátákó, ó sì kọ ìtumọ̀ wọn ní èdè Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí ó má baà ni àwọn ọmọ lára. Ohun tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ 'sharp' ni 'mímú'. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó ṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní kí ọmọ kan túmọ̀ gbólóhùn kan nínú àkàyé náà, 'The meeting will start at eight o'clock sharp', ọmọ náà dìde, ó ní, 'Ìpàdé náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ mímú.' Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó ní kí ọmọ náà jókòó, ó sì kọjá sí ọ̀rọ̀ tí ó kàn. Ọmọ náà jókòó láìmọ ohun tí òun ṣe tí kò tọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sí ojú pátákó gan-an ni ó sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Èrò wa ni pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó lè dúró fún 'sharp' ní gbogbo ibi tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó, àti pé 'mú' tí a sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí 'sharp' kò dé rárá. Bí olùkọ́ kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà, ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Orírun ọ̀rọ̀ náà

Ọ̀rọ̀ àtayébáyé ni 'sharp'. 'Scearp' ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066. Àwọn èdè tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì tan náà ní irú rẹ̀: 'scharf' ni ti àwọn ará Jámánì, 'scherp' sì ni ti àwọn ará Nẹ́dálándì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò rí bákan náà. Bí ará Jámánì bá tọ́ ọbẹ̀ tí ata pọ̀ nínú rẹ̀ wò, 'scharf' ni yóò sọ, èyí tí àwa ń pè ní 'ó ta'. Bí ará Gẹ̀ẹ́sì bá ní oúnjẹ kan 'sharp', ohun tí ó ní lọ́kàn sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó kan díẹ̀ lẹ́nu, bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí wàrà dídì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Láti ìgbà èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ni wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún idà, tí wọ́n sì tún ń lò ó fún làákàyè ènìyàn. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ìlò kejì yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn elédè náà débi pé wọn kì í rántí mọ́ pé àfiwé ni. Bí a bá wo àwọn ìlò rẹ̀ fínnífínní, a ó rí i pé èrò gígé ni ó so wọ́n pọ̀, pàápàá gígé tí kò fi àgégékù sílẹ̀. Àwòrán tí ó 'sharp' ni èyí tí a ti rí ibi tí nǹkan kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. 'Eight o'clock sharp' ni wákàtí tí a gé sí ojú ibi tí ó yẹ, tí kò sí ìṣẹ́jú kan tí ó lé sí i. Ẹni tí ó bá di èrò yìí mú kò ní ṣìnà púpọ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a rí, àfi bí olùkọ́ bá fi hàn án.

Ojú ọ̀bẹ àti ṣóńṣó abẹ́rẹ́

Ibi tí èdè méjèèjì ti súnmọ́ ara wọn jù lọ ni ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, àdá, abẹ àti idà. Ọ̀bẹ mú, 'the knife is sharp'. Kódà níhìn-ín, ìyàtọ̀ gírámà wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni 'mú' nínú gbólóhùn Yorùbá, ó ń dá dúró láìní ohun tí yóò gbé e ró. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni 'sharp', kò sì lè ṣe láìsí 'is'. Nítorí èyí ni àwọn ọmọ fi máa ń kọ 'The knife sharp'. Kì í ṣe àìbìkítà ni ó ń mú wọn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gírámà èdè abínibí wọn ni wọ́n ń tẹ̀lé. Bí a bá fẹ́ lo 'mú' láti yán ọ̀rọ̀-orúkọ, a ní láti ṣe àpètúnpè kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ kí ó tó di 'mímú': ọ̀bẹ mímú. Àwọn onígírámà wa kò fẹnu kò lórí orúkọ tí ó yẹ kí a pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní dá sí i níhìn-ín.

Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún ara wọn ni ọ̀rọ̀ ohun tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò pín ojú ọ̀bẹ níyà kúrò lára ẹnu abẹ́rẹ́: 'sharp' ni méjèèjì. Lóòótọ́, Yorùbá lè sọ pé abẹ́rẹ́ kan mú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìrísí ni a ń wò, 'ó rí ṣóńṣó' ni a ó sọ. Ìyàtọ̀ náà tún hàn kedere nínú iṣẹ́ tí a ń ṣe sí wọn lára. 'Sharpen' ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ̀bẹ àti fún pẹ́ńsù. Àwa ń pọ́n ọ̀bẹ, a sì ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ pọ́n pẹ́ńsù, kí a wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti kọ́ Yorùbá. Inú ọ̀wọ́ ìtumọ̀ yìí kan náà ni 'sharps' wà, ọ̀rọ̀-orúkọ tí a máa ń rí lára àpótí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí. Àwọn bírìkìlà wa náà mọ 'sharp sand' bí ẹní mọ owó, iyanrìn tí hóró rẹ̀ le, tí ó sì ní igun lára, tí wọ́n fi ń po kọnkéré, yàtọ̀ sí èyí tí ó kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Kò sí ẹni tí ó ń pè é ní iyanrìn mímú.

Ibi tí 'mú' dé tí 'sharp' kò dé

A ní láti kọ́kọ́ ya 'mú' yìí sọ́tọ̀ kúrò lára 'mú' tí ó túmọ̀ sí dì mú tàbí gbé. Ìró àti ohùn kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n èyí tí a ń sọ kì í gba àbọ̀. 'Òtútù mú mi' ní àbọ̀: òtútù ni ó dì mí mú, ibẹ̀ sì ni 'cold is catching me' tí àwọn ọmọ wa ń sọ ti wá. 'Òtútù mú lónìí' kò ní àbọ̀, ohun tí ó ń sọ sì ni bí òtútù náà ti pọ̀ tó.

Èyí tí kò gba àbọ̀ yìí ni ó ń rin ìrìnàjò tí 'sharp' kì í bá a rìn. Oòrùn mú. Ọyẹ́ mú. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Ìyàn mú. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ohun tí a gé, kò sí ojú, kò sí ṣóńṣó. Bí nǹkan náà ti le tó ni a ń wí. Elédè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé atẹ́gùn òtútù 'sharp', wọ́n sì pàdé wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá kọ 'the sun is sharp' tàbí 'the famine was sharp', olùyẹ̀wò-ìdánwò yóò fa ìlà pupa sí i. 'Hot' tàbí 'severe' ni ó yẹ kí ó kọ. Nítorí náà, bí a bá ń lo 'mú', ohun méjì ni a lè máa sọ: irú tí nǹkan jẹ́, tàbí bí ó ti pọ̀ tó. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti hàn lójú lọ, gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí tí ó kàn yóò ti fi hàn.

Ìrora

Olùkọ́ ni àwọn ará àdúgbò máa ń ké sí nígbà tí àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ní láti bá dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan lára àwọn ìbéèrè tí dókítà kì í gbàgbé ni 'Is the pain sharp or dull?' Kì í ṣe bí ìrora náà ti pọ̀ tó ni ó ń béèrè. Irú rẹ̀ ni ó fẹ́ mọ̀: ṣé èyí tí ó ń wọlé bí abẹ́rẹ́ ni, tí ènìyàn lè fi ìka kan tọ́ka sí, àbí èyí tí ó tàn kálẹ̀, tí ó kàn ń wúwo níbẹ̀ ṣáá? Ìdáhùn náà wà lára ohun tí yóò fi mọ ibi tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ wò.

Bí ògbufọ̀ bá yí i sí 'Màmá, ṣé ìrora náà mú?', ohun tí màmá yóò gbọ́ ni 'Ṣé ó pọ̀?' Yóò ní, 'Ó mú o, ọmọ mi.' Ògbufọ̀ yóò ní 'sharp', dókítà yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ńṣe ni ìrora náà ń wúwo nínú ìyá náà láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn.

Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún èyí. Bí a bá ní kí a sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ tiwa pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni a fi ń pín ìrora sí ìsọ̀rí. Ẹ̀gbẹ́ ń gún mi. Orí ń fọ́ mi. Inú ń run mí. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ojú egbò ń ta mí. Ẹni tí ó bá béèrè pé 'Ṣé ó ń gún yín ni, àbí ó ń ro yín?' ti fi ìbéèrè dókítà náà sí ibi tí màmá yóò ti gbọ́ ọ yé. 'Gún' ni ó súnmọ́ 'sharp' jù lọ nínú wọn, bí kò tilẹ̀ sí atúmọ̀-èdè kékeré tí yóò fi 'gún' síwájú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá 'sharp'.

Ọmọ tí ó já fáfá

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá pe ọmọ ní 'sharp', Yorùbá ní ọ̀nà púpọ̀ láti gbà sọ ọ́: ó já fáfá, orí rẹ̀ pé, ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ó múná. Ojú ni a máa ń sọ pé ó mú, bí ojú àwòdì. Ẹnu náà lè mú bí abẹ, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ẹni náà bá ń ro ènìyàn lára. 'A sharp tongue' àti ẹnu mímú bá ara wọn mu gan-an, olùkọ́ sì lè fi èyí mú inú àwọn ọmọ dùn kí ó tó kó wọn lọ sí ibi tí ó le. Àwọn kan ń sọ pé 'ọpọlọ rẹ̀ mú', etí wa sì ti ń mọ́ ọn lára. Ní tiwa, 'ó já fáfá' dára jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà yìí. Láti orí ọgbọ́n, 'sharp' yọ̀ bọ́ sínú ẹ̀tàn. 'Sharp practice' ni màgòmágó tí oníṣòwò tàbí agbẹjọ́rò ń ṣe, èyí tí òfin lè máà tíì kà léèwọ̀ ṣùgbọ́n tí ọmọlúàbí kò ní ṣe. 'Card sharp' ni ẹni tí ó ń rẹ́ni jẹ nídìí káàdì. Yorùbá máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn ti ọgbọ́n lẹ́yìn kí ó má baà ṣini lọ́nà: ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ọgbọ́n àrékérekè. Gẹ̀ẹ́sì fi í sílẹ̀ fún sàkání ìlò. Ọ̀nà mìíràn tún wà: 'She was sharp with me' kò ní ọgbọ́n nínú rárá, ó kanra mọ́ mi ni.

Ohun tí ó mú wa tẹnu mọ́ èyí ni ìwé ẹ̀rí ìwà tí àwọn olùkọ́ àgbà máa ń kọ fún ọmọ tí ó ń jáde. A ti rí púpọ̀ nínú wọn tí a kọ 'He is a very sharp boy' sí. Láàárín wa níhìn-ín, ìyìn ni. Bí ìwé náà bá dé iwájú ẹni tí kò mọ̀ wá, ó lè rò pé ńṣe ni olùkọ́ àgbà ń fi ọgbọ́n kìlọ̀. 'Quick to learn' kò ní ìfura kankan nínú, kò sì gùn jù.

Aago, ọ̀nà, orin àti aṣọ

Àwọn ìlò wọ̀nyí kò gba àlàyé púpọ̀. Fún aago, 'ní déédéé aago mẹ́jọ' ni Yorùbá ń wí. Kí olùkọ́ kíyèsí i pé lẹ́yìn aago ni 'sharp' máa ń wá nínú Gẹ̀ẹ́sì, a kì í sì í fi 'ly' kún un níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó ní 'sharp bend' ni èyí tí ó yà lójijì tí ọkọ̀ ní láti yí bírí. Bí iye owó ọjà bá ní 'sharp rise', ńṣe ni ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. 'You look sharp' ni ìyìn fún ẹni tí aṣọ bá lára mu, nígbà tí 'Look sharp!' jẹ́ àṣẹ pé kí ènìyàn ṣe kíá. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ó ka èyí kejì nínú ìwé ìtàn, tí ó rò pé ọ̀gá ń yin ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nínú orin, 'sharp' ni àmì tí ó gbé ohùn sókè ní ìdajì ìṣísẹ̀, tí àwọn akọrin tí ó ń lo tonic sol-fa mọ̀ sí ìyípadà láti 'fa' sí 'fe'. Bí olùdarí orin bá sọ fún akọrin pé 'You are sharp', kí ó má dúpẹ́: ohùn rẹ̀ ti ga ju bí ó ti yẹ lọ.

'Ṣáàpù' nínú ẹnu wa

Lónìí, 'sharp' ti di ọ̀rọ̀-àyálò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. 'Ó ṣáàpù' ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ó mọ ọgbọ́n ìgbòkègbodò ìlú. Ìró rẹ̀ tẹ̀lé òfin tí a mọ̀: sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà a fi 'u' ti 'p' lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe sí 'páìpù'. Àwọn ará Japan náà ṣe ohun kan náà. Ní ọdún 1915, Tokuji Hayakawa gbé irú pẹ́ńsù kan jáde tí a kì í gbẹ́, tí ó pè ní 'Ever-Ready Sharp Pencil'. Láti ara rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Sharp tí a mọ̀ mọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti gba orúkọ, 'shāpu' sì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Yorùbá àti Japan kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kọ ohun kan náà.

'Sharp-sharp' inú pijin wa túmọ̀ sí kíákíá, ojú àpètúnpè tí ó wà lára 'kíákíá' àti 'wéréwéré' sì hàn lára rẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tí ó bá sọ 'sharp-sharp' lè máa dágbére fún ọ, tàbí kí ó máa sọ pé ó ti dára. Kò yẹ kí olùkọ́ bú ọmọ tí ó bá mú 'sharp-sharp' wọ kíláàsì. Kí ó sọ fún un ibi tí ó ti wúlò, kí ó sì sọ fún un pé kò wúlò nínú àròkọ ìdánwò.

Nínú kíláàsì

Àwọn atúmọ̀-èdè tí ó wà lọ́wọ́ wa, láti orí èyí tí ìjọ CMS tẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1913, sábà máa ń to ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ̀lú àmì ìdánudúró díẹ̀. Wọ́n wúlò fún ẹni tí ó ti gbọ́ èdè méjèèjì. Fún ọmọdé, a dábàá pé kí olùkọ́ má ṣe kọ 'sharp' nìkan sí ojú pátákó láé. Kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó ń bá a rìn: 'sharp knife', 'sharp pain', 'sharp bend', kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ìtumọ̀ tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó béèrè òdìkejì wọn. Ọgbọ́n yìí kì í tàsé. Òdì ọ̀bẹ tí ó 'sharp' ni 'blunt'. Ti ìrora ni 'dull'. Ti ohùn orin ni 'flat'. Ti ìyànà ni 'gentle'. Ti àwòrán ni 'blurred'. Bí òdì bá ti yàtọ̀, ìtumọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, ọmọ náà yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ni a ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan ni a ń sọ. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún 'mú' pẹ̀lú: ọ̀bẹ tí kò mú ti kú, oòrùn tí kò mú mọ́ ti rọ̀, ojú tí kò mú ń ríran bàìbàì.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì. Ọmọ tí ó kọ 'Ọ̀bẹ náà kò mú' fún 'The knife is blunt' dípò 'Ọ̀bẹ náà kú' kò jẹ̀bi, kí a fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Ẹni tí ó kọ 'aago mẹ́jọ mímú' kò lè gba máàkì. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó fa ìlà pupa sí i, kí ó kọ́kọ́ wo ojú pátákó.